Orúkọ Tí Mo Gé Kúrò Nínú Ìwé

Ẹ̀yin awakọ̀ tírélà tó ń tò ní Coconut, kí ìwé yìí tó bẹ̀rẹ̀, òtítọ́ kan wà tí mi ò lè gbé mì mọ́. Èmi ni Níyìọlá tó ń tún fóònù ṣe ní Boundary. Ní gbogbo Ajégúnlẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ìwé àfetígbọ́ rà tó mi, mi ò ní fi pamọ́. Ìwé tí wọ́n bá tì pa, tí kò lè kúrò lórí fóònù ẹni tó rà á, èmi kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó ṣí sílẹ̀ ni mò ń rà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí mò ń kó sínú mẹ́mọ́rì fún yín, kí ẹ máa gbọ́ ọ bí ẹ bá tò sí títì fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó wọ pọ́ọ̀tù. Ẹ̀ ń pè mí ní Ọ̀gá Oníwèé, orí mi sì ń wú.

Orí wíwú yẹn ló bà mí jẹ́. Nígbà tí ẹ bi mí pé ta ló kọ ìwé tí ẹ fẹ́ràn jù, mo gé ibi tí wọ́n ti dárúkọ òǹkọ̀wé kúrò, mo sì fi ohùn ara mi sí i pé èmi ni. Ẹ ní obìnrin lẹ gbọ́ tó ń kà á. Mo ní ìyàwó mi ni. Èmi tí mi ò tíì gbéyàwó.

Lọ́jọ́ kan, arábìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Creek Road gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti inú tírélà Ebikabowei, ọ̀kan lára yín. Ebikabowei mú un wá: "Oga, this madam say na she read am o." Arábìnrin náà kí mi dáadáa. "Ẹ̀rínọlá lorúkọ mi, sà. Bàbá mi tó ti di olóògbé, Ọ̀gbẹ́ni Ìyàndá, ló kọ ọ́. Ìwé kan ṣoṣo tí wọ́n kọ láyé wọn nìyẹn. Ẹ ṣáà bá mi dá orúkọ wọn padà."

Ká ní àwa méjèèjì nìkan la wà níbẹ̀, ǹ bá bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin mẹ́fà ń wò mí lẹ́nu. Mo ní, "Ebi, no mind am, na thief. She wan claim my work." Ẹ fi í rẹ́rìn-ín. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo rò pé yóò ti ìwé náà pa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: ó ṣì ṣí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló fi kún un: "A kò ti ìwé yìí pa, torí bàbá mi fẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn. Bí ẹ bá fún ẹlòmíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ orúkọ wọn." Ojú tì mí, mo sunkún.

Arábìnrin Ẹ̀rínọlá, ẹ foríjì mí. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Mo ṣì ń yangàn pé èmi ni mo gbé ìwé dé etí yín, ìyẹn ò ní tán lára mi. Ṣùgbọ́n gbogbo mẹ́mọ́rì tó bá jáde ní sọ́ọ̀bù mi láti òní lọ, ọ̀rọ̀ yìí ni yóò kọ́kọ́ sọ. Ọ̀gbẹ́ni Ìyàndá ló kọ ìwé tí ẹ fẹ́ gbọ́. Ẹ̀rínọlá, ọmọ wọn, ló kà á. Èmi ni mo jí i.