Èmi Ni Mo Ń Pààrọ̀ Kéèkì Baba Wọn

Ẹ̀yin ará ilé ọkọ mi, àti gbogbo ẹ̀yin aládùúgbò tí ẹ ti jẹ kéèkì nílé wa tí ẹ ń lá ìka, ẹ wá ibi jókòó sí. Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́nà ọ̀fun mi ti kúrò ní èyí tí èèyàn lè gbé mì. Ẹ mọ̀ mí. Èmi aránṣọ yìí ni mo sọ fún onílé wa lójú ọmọ rẹ̀ pé òrùlé rẹ̀ ń jò bí asẹ́. Èmi náà ni mo sọ fún obìnrin kan níwájú dígí pé aṣọ kò fún, ara ló fẹ̀. Bí mo ṣe ń fi òótọ́ gún yín kiri bí abẹ́rẹ́ tó yìí, inú ilé tèmi ni irọ́ ń gbé. Kò sí kéèkì kan tí ẹ fi yin ọkọ mi tó jẹ́ pé òun ló yan án. Ẹ má tíì pariwo, ó kù.

Ṣọ́ọ̀bù kọfí kan wà ní kọ̀rọ̀ òpópó wa. Ọkùnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Onírùngbọ̀n ló dá a sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Àga ibẹ̀ kò bára mu, tábìlì kan sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ká bébà sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó má baà mì. Kọfí rẹ̀ korò bí ọ̀rọ̀ àna. Kéèkì kékeré olómi ọsàn tó wà nínú àpótí onígíláàsì ló ń gbé mi débẹ̀. Etí rẹ̀ á ró kẹ́rẹ́ lábẹ́ eyín, inú rẹ̀ á rọ̀ bí ìrọ̀rí. Bí mo bá ń lọ, màá ní òwú ìránṣọ ni mo fẹ́ rà, mo sì máa ń rà á lóòótọ́ kí irọ́ náà lè dúró. Ẹni tó bá rí òwú tó wà nílé wa á rò pé mo fẹ́ rán ọ̀run mọ́lẹ̀.

Ọkọ mi, agékọ́kọ́rọ́ ni. Ẹ̀rọ tó fi ń gé kọ́kọ́rọ́ ló rán àwọn ọmọ wa níléèwé. Nígbà tí dókítà ní ṣúgà kò gbọdọ̀ kan ahọ́n rẹ̀ mọ́, ẹlòmíì á sá fún ohun dídùn. Òun kọ́. Ó ní bí òun ò bá lè jẹ kéèkì, òun á máa yan án, òun á máa gbóòórùn rẹ̀. Èmi oníjẹkújẹ ni mo lọ ra páànù kéékèèké irú ti Onírùngbọ̀n fún un, pé olómi ọsàn ni kó máa yan. Ṣùgbọ́n ahọ́n ta ni yóò máa tọ́ ọ wò? Tèmi ló yá lò.

Ó gbé àkọ́kọ́ fún mi. Mo ti jẹ ọṣẹ rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, nítorí náà mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ó dúró tì mí, ìyẹ̀fun wà lórí imú rẹ̀, kò mí. Mo ní ó dùn. Èmi tí mi ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, imú oníyẹ̀fun ló ṣẹ́gun mi.

Irọ́ kì í dá gbé, á lọ pe àbúrò rẹ̀ wá. Ọkọ mi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin pé kó wá jẹ nínú rẹ̀. Àǹtí, ẹ wà níbí, ẹ sì mọ ẹnu yín. Bí ọkọ mi ṣe wọlé lọ wẹ̀, mo gbé báàgì, mo sáré dé ọ̀dọ̀ Onírùngbọ̀n, mo sì pààrọ̀ kéèkì inú àwo. Tiẹ̀, mo jù ú sí ajá aládùúgbò. Ajá gbóòórùn rẹ̀, ó wò mí lójú, ó bá tiẹ̀ lọ. Àǹtí jẹ, wọ́n tún bù, wọ́n ní, "Ọwọ́ yìí lo fi ń gé kọ́kọ́rọ́ láti ọjọ́ yìí? O fi ọwọ́ ṣòfò." Bí gbogbo yín ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ya wá nìyẹn. Bí ẹ ti ń bọ̀ ni mò ń sáré, tí Onírùngbọ̀n fi rò pé mo ń bọ́ ilé ìwé.

Àfi ìgbà tí ọkọ mi jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tó ní òun ti rí ẹni tí yóò ra ẹ̀rọ kọ́kọ́rọ́ òun, ọ̀sán ni yóò wá gbé e. Ó fẹ́ fi owó rẹ̀ ra ààrò ìyankéèkì ńlá. Ṣùgbọ́n òun á kọ́kọ́ gbé kéèkì òun lọ fún Onírùngbọ̀n, bóyá yóò máa bá òun tà á. Ibi tó yẹ kí n ti la ẹnu nìyí, ẹ̀yin èèyàn. Ẹ̀rọ tó bọ́ wa ń lọ! Mo wá ro ìrò ọ̀mùgọ̀: bí Onírùngbọ̀n bá rí i pé kéèkì náà dára tó tòun, ìlara á mú un kọ̀ ọ́, ọkọ mi á padà sílé pẹ̀lú iyì, ẹ̀rọ á sì dúró. Nígbà tó ń wá bàtà, mo ti lọ, mo ti bọ̀, mo ti pààrọ̀. Ọkọ mi wá gbé kéèkì Onírùngbọ̀n lọ tà fún Onírùngbọ̀n. Tiẹ̀ wà nínú báàgì mi.

Nígbà tí a débẹ̀, mo ṣẹ́jú sí Onírùngbọ̀n títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó gé e jẹ, ó ní, "Bàbá, ó dára. Àfi bíi tèmi." Inú ọkọ mi dùn, ó mú òmíràn láti fi hàn án bí etí rẹ̀ ṣe pọ́n. Ó gbé e sún mọ́ ojú. Ṣé ẹ rí i, ọ̀kan nínú páànù Onírùngbọ̀n ti já bọ́ rí, etí rẹ̀ tẹ̀ wọnú, kéèkì tó bá sì ti inú rẹ̀ jáde á ní àpá kékeré kan bí eyín kọ́kọ́rọ́. Èmi, ikùn ni mo fi ń wo kéèkì, mi ò rí i rí. Ọkọ mi fi àtàǹpàkò tẹ ojú àpá náà, ó bẹ̀rẹ̀ wo inú àpótí onígíláàsì, ó rí irú rẹ̀ níbẹ̀.

"Ìyá wọn," ó ní, "kọ́kọ́rọ́ méjì tí eyín wọn bára mu, ilẹ̀kùn kan náà ni wọ́n ń ṣí. Tèmi dà?"

Mo yọ ọ́ nínú báàgì. Ó gbé e síwájú mi, ó ní kí n jẹ ẹ́, kí n sì sọ̀rọ̀. Mo jẹ ẹ́. Mo ní, "Baba wa, ọṣẹ ni. Láti àkọ́kọ́, ọṣẹ ni." Ẹni tó ń ro kọfí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa dá ṣíbí dúró. Onírùngbọ̀n bù díẹ̀ wò, ó wá omi mu, ó wá béèrè pé irú ṣíbí wo ni Bàbá fi ń bu páúdà tó ń mú kéèkì wú. Ọkọ mi fi ọwọ́ júwe rẹ̀. Ṣíbí tí a fi ń bu ìrẹsì ni! Onírùngbọ̀n gbé ṣíbí tíì sókè, ó ní èyí ló tó, àpọ̀jù páúdà ló ń dà bí ọṣẹ lẹ́nu.

Ọkọ mi wò mí. "Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kí n mọ̀ ọ́n yan. O sì fi pa mọ́ fún mi."

Ó lé ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ padà, kò sì tú mi fó fún ẹnikẹ́ni. Àǹtí tún wá ránṣẹ́ pé kó yan ti ọjọ́ ìbí ọmọ àwọn. Ẹ̀rín ni ọkọ mi rín, ó sì wò mí. Ojú yẹn ni mi ò lè fara dà.

Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Ẹ̀yin tókù, ẹ má bínú. Ó ṣáà dùn lẹ́nu yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnìkan bá yá ahọ́n yín lò, ẹ má dá a padà fún un pẹ̀lú oyin lórí. Baba wọn ti yan òmíràn, ṣíbí tíì ló fi bu páúdà. Mo sọ fún un pé iyọ̀ kò tó, abẹ́ rẹ̀ sì jóná. Mo sì tún mú ìkejì, kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Bí ẹ kò bá gbà mí gbọ́, ẹ kò sì jẹ̀bi, àwo náà rèé. Ẹ mú kọ̀ọ̀kan.