Ọba Tí Kò Wo Iwájú

Ní ṣọ́ọ̀bù oníférémù kan ní Ẹ̀gbẹ́dá ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu tọkọtaya àgbà kan tó gbé àwòrán ọba Faransé àtijọ́ kan àti ti ayaba rẹ̀ wá.

Bàbá ní, "Ọba la máa gbé kọ́ sí pálọ̀. Kí obìnrin yẹn wà ní kọ́rídọ̀ jàre."

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Dádì, ẹ wojú ọba yẹn dáadáa. Ṣé àwa ló ń wò?"

"Rárá, ẹ̀gbẹ́ ló ń wò."

"Ìyàwó ẹ̀ ló ń wò! Ẹni tó ya àwòrán méjèèjì ló kọjú wọn síra. Tẹ́ ẹ bá gbé ayaba lọ sí kọ́rídọ̀, ògiri lásán lọba á máa wò. Ṣé ògiri ló máa pè é ní Kábíyèsí?"