Èmi Ni Mo Ba Ọwọ́ Òsì Òòlù Jẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jókòó sídìí rédíò láti bú Òòlù, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Dókítà ti sọ fún ìyàwó mi pé ẹ̀dọ̀ mi ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ìyàwó mi kò mọ irọ́ pa, ojú rẹ̀ ni mo ti kà á. Bí mo bá gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ ilẹ̀ lọ, orí ọmọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni ẹ̀bi yóò wà títí. Ẹ ní Òòlù kò mọ ẹ̀ṣẹ́ jà. Òun ni ọ̀gá gbogbo àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tó wúwo jù, kò tíì sí ẹni tó fẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀, síbẹ̀ ẹ ní agbára màlúù lásán ló ní. Akọ̀ròyìn kan tilẹ̀ sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, “Òòlù ò lójú. Ẹni tó dì í mú ló ń bá a ríran.” Àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, torí èmi ni mo dì í mú fún ọdún méjìdínlógún. Ọwọ́ òsì tí ẹ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń bọ́ sílẹ̀, èmi ni mo kọ́ ọ kó máa bọ́ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé kò dára nígbà tí mo ń kọ́ ọ. Ìdí tí mo fi kọ́ ọ nìyẹn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni Òòlù. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan, bàbá kan. Mi ò kàwé kọjá ìwé kẹrin, kì í ṣe pé orí mi kò gbà á. Bàbá wa pe àwa méjèèjì sí iwájú àga rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní ẹnì kan ṣoṣo ni apá òun ká. Ó wojú mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n rẹ kò lè ṣe iṣẹ́ agbára. Ìwọ ní apá.” Bí apá mi ṣe gba ìwé lọ́wọ́ mi nìyẹn. Mo lọ ń gbé páálí ní ilé ìkẹ́rùsí, ẹ̀gbọ́n mi di akọ̀wé. Ìyẹn nìkan, bóyá mo lè gbé e mì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, wọ́n ní kí n gbé àpótí ìwé lọ sí ọ́fíìsì kan ní òkè kẹta, ọ́fíìsì ẹ̀gbọ́n mi ló jẹ́. Mo wọlé, òógùn bò mí, ẹrù wà lórí mi. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ wò mí, ó wò ó, ó ní, “Ta nìyí? Ó mà jọ ẹ́ o.” Ẹ̀gbọ́n mi kò gbórí sókè. Ó ní, “Ọ̀kan lára àwọn tó ń gbé ẹrù ni.” Mo sọ àpótí náà kalẹ̀, mo kí gbogbo wọn, mo sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn. Ẹlòmíràn ì bá jà níbẹ̀, kí ó sì parí. Èmi kì í jà sí ọ̀rọ̀. Mo máa ń tọ́jú rẹ̀ ni. Ìyá wa máa ń sọ pé inú mi dà bí ìkòkò tí kò ní ihò, ohun tó bá wọ ibẹ̀ kì í jò. Mo máa ń rò pé ó ń yìn mí ni.

Nígbà náà mo ti ń kọ́ ìjà ẹ̀ṣẹ́ nínú gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn iléeṣẹ́ búlọ́ọ̀kù. Arúgbó kan tó ti ṣe télọ̀ rí ló ni ibẹ̀, Baba Télọ̀ la máa ń pè é. Nígbà tó yá, èmi náà di ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọdé. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ mú ọmọ rẹ̀ wá, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, èjìká rẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà tán. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Àbúrò, gba eléyìí. Ìwé ò wọ̀ ọ́ lórí. Bóyá ó lè wúlò láàárín ẹ̀yin alápá.” Mo ní, “Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ mi náà ni.” Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó ní, “Bàbá kékeré, ohunkóhun tí ẹ bá ní kí n ṣe ni màá ṣe.” Nígbà tó kọ́kọ́ ju ọwọ́ ọ̀tún lu àpò iyanrìn, ẹ̀wọ̀n tí a fi so ó já. Baba Télọ̀ gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, “Ẹ rọra bá mi lo gbọ̀ngàn mi o, mi ò ní òmíràn.” Ọjọ́ náà la sọ ọ́ ní Òòlù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo ṣe, kí ẹ̀yin tí ẹ kò jà rí lè mọ̀ ọ́n. Ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń kọ́ ọmọ ni pé tí ọwọ́ òsì bá ti nà síta, kó padà sí ẹ̀gbẹ́ àgbọ̀n kíá. Bí ó bá bọ́ sí ìbàdí, gbogbo apá òsì ojú ṣí sílẹ̀ gbayawu fún ọwọ́ ọ̀tún ọ̀tá. Èmi sọ fún Òòlù pé ìbàdí ni agbára ti ń wá, pé kó jẹ́ kí ọwọ́ náà lọ mú un wá níbẹ̀. Nígbàkígbà tó bá ṣèèṣì dá a padà sókè bó ṣe yẹ, màá dákẹ́. Tó bá bọ́ sílẹ̀, màá ní, “Ìyẹn gan-an nìyẹn, ọmọ mi.” Mi ò nà án rí. Mi ò bú u rí. Ìyìn ni mo fi bà á jẹ́. Dígí ńlá kan wà lára ògiri gbọ̀ngàn náà tí gbogbo wa fi ń wo ara wa. Mo gbé àpò iyanrìn tirẹ̀ lọ sí igun kejì, mo ní dígí máa ń sọ abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò di oge. Mo kìlọ̀ fún àwọn tó ń bá a dánra wò pé ẹni tó bá ju ọwọ́ ọ̀tún sí i kò ní wọ ibẹ̀ mọ́. Wọ́n rò pé ìfẹ́ ni.

Baba Télọ̀ nìkan ni kò rò bẹ́ẹ̀. Ó ń gbálẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó dúró lé ìgbálẹ̀, ó ní, “Ọwọ́ òsì ọmọ ẹ máa ń lọ sápò. Kí ló ń wá níbẹ̀, ṣéńjì?” Mo ní, “Baba, àrà tiwa nìyẹn.” Ó ní, “Àrà tó máa pa á ni.” Mo ní, “Ṣé ẹ̀yin lẹ bí i ni?” Ó ní, “Èmi kọ́. Ìwọ náà kọ́.” Ó padà sídìí ilẹ̀ tó ń gbá. Kò tún sọ ọ́ mọ́ títí ó fi kú, ṣùgbọ́n nígbà tí Òòlù bá kí i, ó máa ń di ọwọ́ òsì ọmọ náà mú fún ìgbà díẹ̀ kó tó fi í sílẹ̀.

Kí ni mo ń fẹ́? Mo fẹ́ kí ọjọ́ kan dé, kí gbọ̀ngàn kún, kí ẹ̀gbọ́n mi jókòó síwájú, kí ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ sì kan ilẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ìyẹn nìkan ni. Ẹ wo bí mo ṣe ń sọ “ìyẹn nìkan”, bí ẹni tó fẹ́ yá iyọ̀. Ṣùgbọ́n agbára ọmọ náà da ètò mi rú. Kò sí ẹni tó pẹ́ níwájú rẹ̀ tó láti rí ibi tó ṣí sílẹ̀. Ó ja ìjà mọ́kànlá, àwọn mọ́kànlá sùn sílẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kan sáárá sí mi, àwọn ènìyàn ń dọ̀bálẹ̀ kí mi lójú pópó, mo sì rí i pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó mọ ìjà bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Wọ́n ní kò mọ ẹsẹ̀ gbé, kò mọ ojú dáàbò bò, kò mọ nǹkan kan ju kó lu ènìyàn. Wọ́n bi í léèrè nínú tẹlifíṣọ̀n, ó ní, “Ẹni tó kọ́ mi mọ ohun tó ń ṣe.” Mo jókòó ti ìyàwó mi lórí àga, mo gbọ́ ọ. Ìyàwó mi ní, “Ọmọ yìí mà gbẹ́kẹ̀ lé ẹ o.” Mo ní kó bá mi bu omi.

Ọjọ́ tí wọ́n du bẹ́líìtì oyè ọ̀gá ni mo ṣe èyí tó burú jù. Ẹni tó ń bá a jà ga, ó sì ní sùúrù bí apẹja. Láti abala kẹta ló ti mọ ojú ibẹ̀. Bí ọwọ́ òsì Òòlù bá ti nà, tó bọ́ sílẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ọkùnrin náà á gba orí rẹ̀ kọjá, á bá ẹ̀gbẹ́ ojú. Kì í dún gbòò bíi ti Òòlù. Ó ń dún pẹ́, pẹ́, bí ẹni ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá tábìlì. Nígbà tí abala kẹfà parí, Òòlù wá jókòó lórí àpótí, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní, “Bàbá kékeré, kí ló ń bà mí lápá òsì? Mi ò rí i.” Gbólóhùn kan ni ìdáhùn rẹ̀: gbé ọwọ́ òsì rẹ sókè. Ọmọ náà ì bá ṣe é. Ó máa ń ṣe ohunkóhun tí mo bá ní kó ṣe. Mo gbójú sókè, mo rí ẹ̀gbọ́n mi ní ìjókòó iwájú nínú kóòtù, ó tẹ̀ mọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì rí ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń sọ pé, “Ọmọ mi nìyẹn.” Kò nawọ́ sí mi. Mo nu ẹ̀jẹ̀ ojú Òòlù, mo ní, “Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bí o ṣe ń ṣe é yẹn ló dára.” Ó ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá kékeré.” Ó dìde.

Abala mẹ́rin ló tún fi gba ẹ̀ṣẹ́ náà. Mo kà á dé mọ́kànlélógójì kí n tó dẹ́kun. Ní abala kẹwàá, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bá ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìjà parí, wọ́n gbé bẹ́líìtì wọ̀ ọ́, gbogbo ilé mì. Nínú yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, ó wọ bàtà òsì sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó dìde, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, “Bàbá kékeré, ṣé a ti jà?” Mo ní a ti jà, a sì ti borí. Inú rẹ̀ dùn. Kò pẹ́, ó tún bi mí.

Ọdún kẹrin rèé. Ó ti gbèjà bẹ́líìtì náà lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó borí lẹ́ẹ̀marùn-ún, kò sì sí èyí tí kò gba ẹ̀ṣẹ́ lápá òsì nínú rẹ̀. Ẹ ní ọ̀rọ̀ ń fà lẹ́nu rẹ̀ torí ó ń mutí. Kò mutí rí. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé ó máa ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, tí á máa wò ó títí ẹnì kan á fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ní báyìí, wọ́n ti fún un ní ẹni tuntun tí yóò bá jà, ọmọkùnrin kan tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ yá ju ìṣẹ́jú ojú lọ.

Mo kọ́kọ́ ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó jókòó sẹ́bàá ibùsùn mi, mo sọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ àpótí ìwé, ó ní, “Ọ́fíìsì wo?” Mo tún un sọ. Ó ronú, mo rí i pé ó ń ronú tọkàntọkàn, ó ní, “Àbúrò mi, mi ò rántí.” Odindi ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo fi gbé ohun tí kò rántí. Omi wá ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “O ní apá. Èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́. Kí ló dé tí o ò kúkú lù mí?” Ó dìde, kò sì tíì padà wá.

Mo wá pe Òòlù, òun àti ìyàwó rẹ̀ wá. Ó gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá kékeré, àìsàn ló ń sọ̀rọ̀.” Mo ní kó dìde, kó na ọwọ́ òsì, kó sì dá a padà sí àgbọ̀n. Ó ṣe é jẹ́jẹ́, ọwọ́ náà dé àgbọ̀n. Mo ní kó yára. Ọwọ́ náà bọ́ sí ìbàdí. Mo ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe títí òógùn fi bò ó, ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ó ń wò wá, ọwọ́ náà kò lọ sókè lẹ́ẹ̀kan. Ó wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó kọ̀ láti jíṣẹ́. Ó jókòó. Ó ní, “Tí mo bá gbà pé irọ́ lẹ kọ́ mi, kí ni mo wá jẹ́?” Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má ja ìjà yìí. Ó ní àwọn tó ń bú òun ló ti kó sí mi létí, pé òun máa jà á kí ojú lè tì wọ́n fún èmi àti òun. Ó bò mí láṣọ, ó lọ. Mo ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣètò ìjà náà, wọ́n ní wọ́n kí mi kú ìnira.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá tó ń bá yín wí kọ́ ni kí ẹ bẹ̀rù. Èyí tí kò rí àléébù kan lára yín láti ọjọ́ tí ẹ ti dé, ẹ bi í léèrè ohun tó ń fi yín gbẹ̀san. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń bú Òòlù, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ bú mi. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, àti lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, àti lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n àforíjì lè dúró, èmi ni kò ní dúró. Ìjà náà ku ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Mi ò lè dìde lórí ibùsùn yìí, ọmọ náà kò sì gbà mí gbọ́ nínú ohun kan ṣoṣo tí mo sọ fún un tó jẹ́ òótọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ilé rẹ̀ nínú yín, ẹ bá mi lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ ní kó má ja ìjà náà.