Ẹni Tó Gbé Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ṣubú

Nínú takisí tó ń bọ̀ láti àdúgbò Turffontein nílẹ̀ òkèèrè láàárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin kan àti ọ̀dọ́kùnrin tó ń pè é ní àǹtí jókòó níwájú mi, wọn ò sì mọ̀ pé mo gbọ́ Yorùbá.

"Àǹtí, èmi ni mo gbé kọ́nẹ́ẹ̀lì ṣubú."

Èmi tí ẹ̀rù ṣọ́jà lé kúrò nílé, mo ti fi fìlà bojú.

"Kọ́nẹ́ẹ̀lì kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ yín?"

"Òun ni, ọkàn tó ń darí gbogbo ètò inú ẹ̀."

Mo rọra ṣí fìlà lójú.

"Báwo lo ṣe ṣe é?"

"Mo fẹ́ kó máa ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi pe ètò kọ̀ọ̀kan, àti àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tó bá a wá. Ètò kan tọ́ka síbi tí tiẹ̀ wà, mo ní kó lọ kà á níbẹ̀ tààrà. Àṣé ibẹ̀ ti ṣófo."

"Nínú ilé onílé! Dà á kọ wálé ná, kó o tó kà á. Tí ibẹ̀ bá ṣófo, wàá kàn padà lọ́wọ́ òfo ni, nǹkan kan ò ní ṣubú."

Dà á kọ wálé ná, kó o tó kà á. Ẹni tó gbọ́ kọ́nẹ́ẹ̀lì tó fi fìlà bojú, òun gan-an ni wọ́n ń bá wí.

"Ta wá ni wọ́n dá lẹ́bi?"

"Ọmọbìnrin tó kọ ètò yẹn. Wọ́n bú u lójú gbogbo wa."

"Ìwọ ńkọ́? Kí lo sọ?"

"Mo ní kó máa ṣọ́ra."

"Eish," ni àǹtí kẹ́dùn bí àwọn ará ìlú náà, ó sì sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àyè kankan ò sí nínú takisí náà.