Àwọn Tó Ní Ìyá Mi Ń Jẹ Ọkàn Ọmọ Mi

Ẹ bá mi kígbe ògo fún Ọlọ́run! Ẹ kígbe sókè! Ohùn tí ẹ fi pe ìyá mi ní àjẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí le ju èyí lọ.

Ayọ̀délé ọmọ mi kò tíì pé ọdún kan nígbà tí ibà kì í mọ́lẹ̀. Oògùn ibà kò ràn án. Ojú rẹ̀ pọ́n, ètè rẹ̀ là, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Gbogbo Ìkàrẹ́ di dókítà. Alágbo ní, “Eyín ló ń hù.” Ọ̀gá kẹ́míìsì wọ aṣọ funfun, ó ní, “Egbò ẹnu ni,” ó fi oògùn aláró kun ètè àti ahọ́n ọmọ, ó dà bí ẹni tó mu yíǹkì.

Ẹ ṣeun, Olúwa! Wòlíì wa, ẹ̀yin tí ẹ jókòó níwájú yìí, ẹ gbé ọwọ́ lé e lórí, ẹ dijú, ẹ ní: “Ẹnìkan láti Ọ̀kà ń jẹ ọkàn ọmọ yìí.” Ta ló ti Ọ̀kà wá? Ìyá mi nìkan, tí wọ́n wá wẹ ọmọ. Àwọn ìyá ìjọ kó ẹrù ìyá mi síta. Ìyá mi kàn ní, “Ṣé ẹ ti fún un lómi?” Ẹ ní kí wọ́n padà sí Ọ̀kà.

Èmi àti ìyàwó mi gbé ọmọ, ó di Ọ̀wọ̀. A yà sí Ọ̀kà gbé ìyá mi, torí ẹ̀yìn wọn nìkan ni ọmọ ti ń sùn. Ní ọsibítù ńlá, dókítà obìnrin kan pariwo: “Ta ló kun ẹnu ọmọ yìí?” Ó fi òwú nù ún títí ahọ́n fi hàn, ó pọ́n wẹ̀ẹ̀.

“Dádì, kì í ṣe eyín. Àrùn kan tí wọ́n ń pè ní Kawasákì ni. Ó ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́.”

Wọ́n ya àwòrán ọkàn rẹ̀. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn ti ń wú. Ìyàwó mi bú sẹ́kún. Ìyá mi bi dókítà pé, “Ọmọ mi, ṣé èmi ni mo fà á?”

Ẹ gbọ́ ohun tí ẹ fi sí ìyá arúgbó lẹ́nu!

“Màmá, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń fà á. Ẹ jókòó, kí ẹ gbé e dání.”

Dókítà kò mọ̀ ọ́n. Wòlíì wa mọ̀ ọ́n, ó tún mọ àdírẹ́sì.

Ògo ni fún Ọlọ́run! Wọ́n fa oògùn kan sí i lára, èyí tí wọ́n yọ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí a kò mọ̀ rí. Ibà lọ. Wòlíì ránṣẹ́: “Ṣé mo sọ? Ọkàn ni mo rí!” Ẹ rí ọkàn, ẹ ò rí ọsibítù!

Wọ́n tún ya àwòrán ọkàn náà láìpẹ́ yìí. Iṣan ti padà sí bó ṣe yẹ. Mo dúpẹ́! Mo tún dúpẹ́!

Ẹ̀yin tí ibà ọmọ yín ti tó ọjọ́ márùn-ún, tí ojú pọ́n, tí ètè là, ẹ má fi nǹkan kan kùn ún lẹ́nu, ẹ má wá àjẹ́ kankan. Ẹ gbé e lọ kíá, kó tó kan ọkàn. Ọlọ́run tó gbọ́ tèmi kò ní di etí sí tiyín.

Màmá, ẹ dìde, kí wọ́n rí yín. Ẹ yí ẹ̀yìn sí wọn.

Ìjọ, ẹ rọra ṣe halelúyà. Ọmọ ti sùn.