Agolo Mílíìkì Tí Mo Fi Ṣe Èènì

Baba Alùfáà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fi sáàṣì yẹn kọ́ mi lọ́rùn. Ẹ̀yin ọmọ ìjọ, ẹ jókòó, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Mo mọ̀ pé oúnjẹ ti délẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì rí àwọn ẹbí mi tó wá láti Ìlogbò, tí wọ́n ti ń yọ kámẹ́rà fóònù jáde. Ṣùgbọ́n bí mo bá gba oyè Ìyá Ìjọ lónìí láìsọ ohun tó wà nínú mi, gbogbo ìgbà tí ẹ bá pè mí bẹ́ẹ̀ ni màá máa dáhùn sí orúkọ tí kì í ṣe tèmi. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tilẹ̀ tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ó sì ti rẹ̀ mí láti máa gbé e kiri.

Gbogbo Ẹ̀fọ̀n ló mọ̀ mí sí Fadékẹ́mi Oníkáńtà. Ìgbà tí irun mi ṣì dúdú ni mo ti ń gba owó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá Alàgbà Ládélé. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe níbẹ̀. Ẹni tó bá kó ọjà tán á tò sẹ́yìn ẹni tó bá níwájú. Ìlà yẹn kì í tètè lọ, kì í sì í ṣe pé ọwọ́ mi lọ́ra. Bí àgbàlagbà bá wọlé, àwọn ọmọdé tó ti ń dúró á ní, “Ẹ máa bọ̀ níwájú, Mà.” Àgbàlagbà mìíràn á dé, wọ́n á tún ní, “Ẹ máa bọ̀ níwájú, Sà.” Èmi náà á ní kí n kúnlẹ̀ kí wọn, kí n béèrè orúnkún tó ń dùn wọ́n, kí n béèrè ọmọ wọn tó wà ní Àkúrẹ́. Ẹni tó kọ́kọ́ dé lè di ẹni tó máa gbẹ̀yìn lọ. Bí mo bá wá kó ọjà sínú ọ̀rá tán, màá fi èènì lé e: mágì kan, tàbí súwíìtì fún ọmọ, tàbí ọṣẹ kékeré fún ẹni tí ara mi bá yọ̀ mọ́. Alàgbà mọ̀ sí i, àwọn ló ní kí n máa ṣe é. Èènì yẹn ló sọ mí dèèyàn nílùú yìí, mi ò ní purọ́. Bí mo bá ń lọ lójú títì, wọ́n á máa ti òkèèrè kí mi.

Ìyìnolúwa ọmọ Alàgbà ló wá ti yunifásítì dé. Ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn ni. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó dúró tì mí ní káńtà, ó rí ìyá ọmọ kan tó gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná dání. Glúkóòsì nìkan lobìnrin yẹn fẹ́ rà. Àgbàlagbà ń dé, ó ń sún sẹ́yìn, àgbàlagbà ń dé, ó ń sún sẹ́yìn, títí ọmọ fi bì sí i lára. Ìyìnolúwa ń wò ó. Ọjọ́ kejì ló wá bá mi nílé. “Àǹtí, mo ti rí ohun tí a máa ṣe. Mo fẹ́ ṣe áàpù kan. Bí oníbàárà bá ṣe ń mú ọjà, á fi fóònù ara rẹ̀ wo àwọn ìlà dúdú wẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lára ọjà náà, fóònù á bá a ṣírò rẹ̀, á san án ní tiransífà, á sì máa lọ sílé. Kò sẹ́ni tó máa tò mọ́. Àgbà ò ní dúró, ọmọdé náà ò ní dúró.” Mo ní, “Èmi ńkọ́?” Ó rẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ mi. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ máa máa ran àwọn tí kò ní fóònù ńlá lọ́wọ́. Ẹ sinmi díẹ̀, Àǹtí mi, ẹ ti ṣiṣẹ́ jù.” Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, ẹ̀yin ará. Ọmọ fẹ́ bá mi sọ ẹrù kalẹ̀, èmi rò pé ó fẹ́ gba ẹrù mi lọ. Mi ò sùn dáadáa láti ọjọ́ náà.

Sátidé tó ṣáájú Ìkórè ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Emmanuel, ọmọkùnrin tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, dúró lẹ́nu ọ̀nà, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ka ọjà inú ọ̀rá, kó fi wé iye tó wà lójú fóònù. Bí wọ́n bá bára mu, ó dàbọ̀. Èmi jókòó sórí àga mi, ọwọ́ mi dilẹ̀, kò sì sí ọ̀rá tí mo máa fi èènì lé mọ́. Àwọn èèyàn ń rà, wọ́n ń kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ wá ní Èkìtì, a kì í kọjá lára ẹni láìkí i. Àwọn ìyá ń yà sọ́dọ̀ mi láti kí mi, wọ́n ń gbé ọ̀rá lé káńtà. Níbẹ̀ ni Sátánì ti... rárá o, ẹ jẹ́ kí n fi Sátánì sílẹ̀. Níbẹ̀ ni èmi Fadékẹ́mi ti rí ọ̀nà. Bí Deborah aya Matthew ṣe ń ròyìn ìyàwó ọmọ rẹ̀ fún mi, mo ju ọṣẹ kan sínú ọ̀rá rẹ̀ láìjẹ́ kó rí i. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ọjà lé. Mo tún fi mágì sínú ti Esther, tirẹ̀ náà lé. Ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n sọ pé fóònù ò mọ nǹkan kà, wọ́n sì sọ ọ́. Wọ́n pariwo lé Ìyìnolúwa lórí. Ó bẹ̀ wọ́n títí, ó sá wọ inú sítọ́ọ̀ lọ, mo sì ń gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti orí àga mi. Inú mi dùn. Ẹ gbọ́ ọ bí mo ṣe sọ ọ́ yẹn, inú mi dùn.

Alàgbà bínú jáde. Wọ́n ní, “Ó tó gẹ́ẹ́! Mo ti dán fóònù yìí wò fúnra mi, kì í ṣàṣìṣe. Ẹni tí ọjà rẹ̀ bá tún lé, kí ó mọ̀ pé òun ló mú un.” Ó yẹ kí n jáwọ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí fóònù, ó ti di ọ̀rọ̀ olè, mo sì gbọ́ ọ dáadáa.

Màmá Janet Dúrójayé ló wọlé lẹ́yìn ìyẹn. Ta ni kò mọ̀ wọ́n nínú yín? Hẹdimísírẹ́ẹ̀sì tó kọ́ ìdajì ìjọ yìí ní ìwé kíkà. Àwọn náà ni gbogbo yín ti fojú sí lára fún oyè Ìyá Ìjọ nígbà náà. Ìyìnolúwa, tí wọ́n kọ́ ní ábídí, nu ojú rẹ̀, ó wá kọ́ àwọn náà bí wọ́n ṣe máa fi fóònù wo ọjà. Inú Màmá ń dùn bí ọmọdé. Wọ́n yà sọ́dọ̀ mi, wọ́n gbé ọ̀rá lé káńtà. “Fadékẹ́mi, o rí i bí? Mo ti ṣe é tán! Kò sí pé à ń dúró síwájú rẹ mọ́.” Wọn ò fi ibi sọ ọ́. Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn sì wọ̀ mí lára bí ata. Màmá tẹrí ba, wọ́n ń wá dígí ojú wọn nínú báàgì. Agolo mílíìkì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi. Mo rọra tì í sábẹ́ búrẹ́dì wọn.

Emmanuel kà á. Ó tún un kà. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, Mà, mílíìkì yìí ò sí lójú fóònù.” Màmá ní, “Mílíìkì wo? Mi ò mú mílíìkì.” Ẹnì kan ní ẹ̀yìn sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Àwọn hẹdimísírẹ́ẹ̀sì náà?” Alàgbà ń wo ilẹ̀. Ìyìnolúwa fọwọ́ bo ẹnu. Màmá bá yíjú sí mi. Yorùbá ilé ìwé tí a mọ̀ mọ́ wọn kúrò lẹ́nu wọn, èdè ilé ló jáde: “Fadékẹ́mi, ọmọ ulé mi, ùwọ kọ́ lo fi ṣe èènì fún mi?” Ẹ̀yin ará, ilẹ̀kùn ni wọ́n ṣí fún mi yẹn. Ká ní mo sọ pé, “Èmi ni, Mà, èènì yín ni,” gbogbo wa ì bá rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ibi ni mo fi ṣe. Àmọ́ mo rò ó pé wọ́n á béèrè ti Deborah, wọ́n á béèrè ti Esther. Mo wo ojú Màmá, mo ní, “Rárá o, Mà. Mi ò fún yín ní nǹkan kan lónìí.”

Wọn ò bá mi jiyàn. Wọ́n yọ agolo yẹn, wọ́n gbé e ka iwájú mi, wọ́n fi gbogbo ọjà tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n jáde. Wọn ò gun ọ̀kadà. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè yẹn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Ìyìnolúwa pa áàpù rẹ̀ rẹ́. Ó ní, “Olùkọ́ tó kọ́ mi ní kíkà ni mo sọ di olè.” Ó kó lọ sí Ìbàdàn, kò sì tíì sun ilé bàbá rẹ̀ láti ìgbà náà. A padà sídìí ìlà wa. Àwọn èèyàn ń sọ pé, “Oníkáńtà, ẹ̀yin lẹ dáa jù.” Mo ń sọ pé ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ẹnu mi yìí ni!

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé yìí. Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn, àwọn ìyá rọra ń fa báàgì mọ́ra. Màmá rí i. Wọ́n dìde, wọ́n lọ jókòó lẹ́yìn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá fẹ́ ra mílíìkì, wọn ò wọ ṣọ́ọ̀bù kankan ní Ẹ̀fọ̀n mọ́, Òkè-Ìmẹ̀sí ni wọ́n ń gun ọ̀kadà lọ, ní ọjọ́ orí wọn. Ojú ọ̀nà òkè yẹn ni ọ̀kadà ti gbé wọn ṣubú tí wọ́n fi ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹgbẹ́ Ìyá lọ kí wọn, ẹ ní kí n gbàdúrà, mo sì gbà á. Màmá ṣe àmín. Mo gbé ọ̀rá oúnjẹ tí mo kó wá sílẹ̀, Màmá wá pe Bùsáyọ̀ ọmọ wọn. Wọ́n ní, “Ka ohun tí Fadékẹ́mi kó wá lójú rẹ̀, kó tó lọ. Kó má baà lé.” Ẹ̀yin tó kù rò pé ọjọ́ ogbó ló ń bá wọn jà. Bùsáyọ̀ kà á lọ́kọ̀ọ̀kan lójú mi. Wọ́n ti mọ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ti mọ̀, wọn ò sì tú mi fó. Lẹ́yìn gbogbo èyí lẹ wá ní kí n wá jẹ oyè tó yẹ wọ́n.

Mo pe Ìyìnolúwa lánàá, mo sọ ọ́ fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó gé fóònù. Ó jàre. Alàgbà Ládélé, ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, ìka náà rè é, ẹ ṣe mí bó bá ṣe tọ́ lójú yín. Ẹ̀yin ọmọdé, bí ẹ bá ti ń bẹ̀rù pé ẹnì kan fẹ́ gba àga lábẹ́ yín, ẹ ṣọ́ ọwọ́ yín o. Àga yẹn ṣì wà lábẹ́ mi, kò sì rọ̀ mí lọ́rùn láti ọjọ́ náà.

Baba Alùfáà, ẹ mú sáàṣì yẹn dání, ọwọ́ mi ò mọ́ tó láti gbà á. Ẹ̀yin ìyá tó wà lórí bẹ́ǹṣì iwájú, ẹ bá mi gbé báàgì yín kúrò, kí àyè ṣí sílẹ̀. Mo ti kúnlẹ̀. Màmá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn níbẹ̀ yẹn, èmi ni. Èmi ni mo fi mílíìkì yẹn sí i. Ẹ ò jalè. Ẹ forí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ẹ ò bá sì lè ṣe é, kò burú, ẹ má dá mi lóhùn. Àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa bọ̀ níwájú, Mà.