Akọ̀pẹ Wà Lẹ́nu Géètì

Alága àpéjọ yìí, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà ní tábìlì iwájú, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, ti kọ̀ǹpútà àti ti íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ẹ ti àwọn ìlú tó yí wa ká wá, ẹ kú ìrìn. Ẹ̀yin ọkọ tí ìyàwó yín fi agídí fà wá, ẹ kú sùúrù, oúnjẹ ò ní pẹ́ dé. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń tọ́jú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mo bẹ̀ yín, ẹ má pa á mọ́ mi lẹ́nu, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ lè mú kí ẹnì kan ṣẹ́jú sí yín. Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí gbogbo yín.

Wọ́n ní kí n wá dágbére. Akọ̀wé wa kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ fún mi, ó dára, ó dùn, ẹ̀rín ló kún inú ẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ ẹni mẹ́ta tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ó rẹ òun. Àmọ́ mo ti fi ìwé yẹn sínú báàgì mi. Inú ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà máa wojú ara yín pé kí ló ṣe ìyá yìí. Inú ń bí mi gan-an ni. Ẹ ó gbọ́ ohun tó fà á, ṣùgbọ́n ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí a ti ń bọ̀.

Ọmọge ni mí nígbà tí wọ́n gbà mí sí yàrá tí wọ́n ti ń so ìpè tẹlifóònù pọ̀. Àwa obìnrin la jókòó tò síwájú pátákó gbọọrọ kan tó kún fún ihò. Bí ẹnì kan bá pè, a ó fa okùn yọ nínú ihò kan, a ó kì í bọ òmíràn. Wọ́n fẹ́ràn wa níbẹ̀. Wọ́n ní ohùn obìnrin máa ń pẹ̀tù sí oníbìínú nínú. Ṣùgbọ́n bí okùn bá já lẹ́yìn pátákó, ọkùnrin ni wọ́n máa lọ pè, àwa á wá káwọ́ lẹ́rán, a ó máa wò ó. Lọ́jọ́ kan, mo bi ọ̀gá wa bóyá èmi náà lè lọ wo ẹ̀yìn pátákó yẹn. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní aṣọ mi á dọ̀tí. Ẹ gbà mí, ṣé aṣọ ni mo wá ṣàfihàn níbi iṣẹ́ ni?

Ọkùnrin àgbà kan ló gbà mí, Bàbá Wáyà là ń pè é. Òun ló mú mi wọ ihò abẹ́ títì, tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi àwọ̀ dá okùn kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Kò yìn mí rí. Bí mo bá ṣe é dáadáa, á kàn fi imú kùn; bí n kò bá ṣe é dáadáa, á tú gbogbo ẹ̀, á ní kí n tún un bẹ̀rẹ̀. Ó ti lọ sinmi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ju gbogbo ẹni tó ti fún mi ní àmì-ẹ̀yẹ lọ.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, ilé ìtọ̀ obìnrin ò sí níbi iṣẹ́ wa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, àwa kì í mu omi títí ọ̀sán fi ń pọ́n. Bákan náà ló rí nílé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó wà lódìkejì títì. Ìyá aránṣọ kan ló ní ṣọ́ọ̀bù láàárín wa. Nígbà tó rí bí a ṣe ń sáré kiri, ó so kọ́kọ́rọ́ ilé ìtọ̀ ẹ̀ mọ́ ìṣó lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ẹni tó bá ká mọ́ kó wá mú un. Ibẹ̀ la ti ń pàdé. Bí ẹnì kan bá ń dúró de èkejì, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀: ta ni wọ́n gbé ipò ẹ̀ fún ọmọ tó kọ́ níṣẹ́, ta ni ọ̀gá ẹ̀ ń yọ lẹ́nu, ibo ni wọ́n ti ń wá èèyàn. Ẹgbẹ́ tí ẹ ń rí yìí, tó ti tàn kálẹ̀ káàkiri àwọn ìlú, tó ní àsíá, tó ní orin, ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ̀ la ti dá a sílẹ̀. Ìyá aránṣọ yẹn ò bi ẹnikẹ́ni nínú wa rí pé ilé-iṣẹ́ wo lo ti wá.

Ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́ díẹ̀ kí n tó máa bá ìbínú mi lọ. Bàbá àwọn ọmọ mi wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ó ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mí. Nígbà tí mo ń bá wáyà kiri ìgbẹ́, òun ló ń di irun àwọn ọmọbìnrin wa. Irun ọ̀hún kì í gún, apá kan á ga ju èkejì lọ, àmọ́ kò sọ fún mi rí pé kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ̀yin tí mo sì ti fi ẹnu mi ṣá lọ́gbẹ́, mo mọ̀ pé ẹ pọ̀ níbí, ẹ forí jì mí. Ẹ má kàn retí pé òní ni màá yíwà padà.

Ẹ wá gbọ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ wa gbilẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ra tábìlì níbi àpéjọ wa. Ẹ wo àwọn tábìlì yín: orúkọ ta ló wà lórí ẹ̀? Ẹ wo káàdì tó wà lọ́rùn yín: orúkọ ilé-iṣẹ́ rí gàgàrà, orúkọ tí ìyá yín sọ yín wà nísàlẹ̀ bí èèrà. Ìgbìmọ̀ wa bá ṣòfin pé ẹni tí kò bá ní káàdì ilé-iṣẹ́ kò gbọdọ̀ wọlé. Àwọn tó ń wá jẹun lásán la ní a fẹ́ fi lé. Gbogbo wa la jọ ṣe é, ó sì dára lójú wa. Ta ló ronú nínú wa pé obìnrin tí wọ́n bá rẹ́ jẹ níbi iṣẹ́, káàdì ọrùn ẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà?

Ẹ mọ Akọ̀pẹ, ọmọbìnrin ẹgbẹ́ wa. Òun la sọ lórúkọ yẹn nítorí bó ṣe ń gun òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì bí ẹni ń gun ọ̀pẹ. Bí ìjì bá jà, tí fóònù gbogbo àdúgbò dákẹ́, ọmọ yẹn ló ń gòkè lọ tún ojú ẹ̀rọ ṣe. Bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń so ara mọ́ òpó, ọkùnrin ni wọ́n rán an fún. Léjìká, ó ṣò. Láyà, ó há mọ́ ọn. Nídìí, ó ń yọ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ ẹ̀ yọ̀ lókè lọ́hùn-ún, bẹ́líìtì náà sún dé abẹ́ apá ẹ̀, ọwọ́ ló fi rọ̀ mọ́ irin títí ẹnì kejì ẹ̀ fi gun òkè bá a. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, kò sunkún. Ó dúró níwájú àwọn ọ̀gá ẹ̀, ó ní, "Ẹ ra bẹ́líìtì tó mọ mí níwọ̀n, màá gun òpó yìí dé ibi tí ẹyẹ ń sùn. Bí ẹ ò bá rà á, ẹsẹ̀ mi ò ní kúrò nílẹ̀ mọ́."

Kí ni wọ́n sọ fún un? Wọ́n ní bí bẹ́líìtì ò bá mọ ọ́n níwọ̀n, a jẹ́ pé iṣẹ́ náà ò mọ ọ́n níwọ̀n nìyẹn. Wọ́n ní kó máa lọ sílé, kó fi káàdì sílẹ̀.

Alága, ilé-iṣẹ́ yín ni. N kò fẹ́ sọ ọ́ lẹ́yìn yín, ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ọ́ lójú yín. Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́, mi ò bú yín. Àwa ni mo ń bú. Àwa tí a mọ ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọ wa, tí a tún pè yín síwájú níbí, tí a fún yín ní àmì-ẹ̀yẹ ọ̀rẹ́ obìnrin, tí a sì dúró tì yín ya fọ́tò. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá. Nígbà tí ọmọ yẹn rọ̀ lókè, orin ẹgbẹ́ wo ló dì í mú?

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Akọ̀pẹ wà níta báyìí, lẹ́nu géètì, nínú oòrùn. Ó wá kí mi pé ó dìgbóṣe. Àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní kò ní káàdì. Nígbà tí mo dé, mo bá a níbẹ̀, mo ní kó tẹ̀ lé mi wọlé. Àwọn ìgbìmọ̀ wa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká parí ètò ná." Akọ̀pẹ gbọ́. Òun gan-an ló ní kí n máa wọlé, kí n má bínú. Mo sì wọlé, mo jókòó, mo ń wo òdòdó orí tábìlì. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà mélòó ló wà nínú gbọ̀ngàn yìí?

Ẹ wo ọrùn mi. Ẹ wò ó dáadáa. Láàárọ̀ yìí ni ilé-iṣẹ́ mi fi ayẹyẹ gba káàdì wọn lọ́wọ́ mi. Mo ti fẹ̀yìn tì. N kò ní ilé-iṣẹ́ mọ́. Àwọn tó lé Akọ̀pẹ rí mi, wọ́n tẹríba, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Ṣé òfin yẹn mọ ojú èèyàn ni? Bí ẹni tí kò ní káàdì ò bá gbọdọ̀ jókòó níbí, èmi náà ti ń rú òfin láti ìgbà tí mo ti jókòó.

Ẹ jẹ́ kí n gbàdúrà fún yín. Iṣẹ́ ọwọ́ yín ò ní bàjẹ́. Ẹni tó ń gòkè nínú yín ò ní já bọ́. Ẹ ò ní di ẹni tí ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ara yín. Alága, Ọlọ́run á fún ẹ̀yin náà ní agbára láti tún ohun tó bàjẹ́ ṣe nígbà tó ṣì ṣeé tún ṣe. Ẹ̀bùn tí ẹ dì sórí tábìlì yẹn, ẹ jẹ́ kó ṣì wà níbẹ̀, n ò lè gbà á láìjẹ́ pé ọmọ yẹn wà níbí. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi ya fọ́tò ìdágbére, ẹnu géètì ni màá wà. Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an.

Bàbá wọn, ẹ dìde, ẹ bá mi mú báàgì yẹn. Ẹ jẹ́ ká lọ dúró tì í.